Etí Tó Wà Lápá Ẹ̀rọ

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ojú lọ́nà lẹ́tà mi, torí mo mọ̀ pé ẹ ti ń bú mi. Ẹ wo inú àpò ìwé yìí, mo fi fọ́tò kan sí i. Èmi ni mo wà nínú gbogbo ẹrù yẹn o. Ẹ má fi han àwọn oníbàárà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo ti ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì kiri, mo ti padà sídìí igi. Oṣù kẹta rèé tí mo ti wà ní ilé iṣẹ́ ìlagi ńlá kan. Èyí tó wà lórí mi nínú fọ́tò ni akoto, torí pé ẹ̀rọ máa ń gbé gẹdú kọjá lókè orí wa. Jígí ojú yẹn kì í ṣe ti ìwé kíkà, èérún igi ló ń dí lọ́nà. Ìbomú wà fún lẹ́búlẹ́bú pákó, bàtà náà sì ní irin níwájú kí pákó má baà fọ́ mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Wọ́n fún wa ní ìbọ̀wọ́ fún ẹrù kíkó, àmọ́ a gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kí a tó dé ìdí ayùn, kí ayùn má baà wọ́ ọ tọwọ́tọwọ́. Inú yín á dùn sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni. Èyí tó kù, tó dà bí abọ́ kékeré méjì tí wọ́n dé mọ́ mi létí, ìbotí là ń pè é. Òun ló fẹ́ kó mi sí wàhálà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ibẹ̀, mo mí òórùn pákó tútù sínú, omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ń mú mi yí ká rò pé lẹ́búlẹ́bú ló ta sí mi lójú, ó sáré mú jígí wá. Mi ò já a nírọ́. Ẹ̀yin ni mo rántí, pẹ̀lú pẹ́ńsù lẹ́yìn etí yín, tí ẹ dúró sídìí ayùn, tí ẹ ní kí n dijú. "Dijú! Kí lo gbọ́?" Mo máa ń sọ pé igi líle ni, ayùn ti ń kú. Ẹ̀rín yín nígbà tí mo bá gbà á, mi ò tíì rí irú rẹ̀ ní ibí.

Bàbá, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wà nídìí ayùn ńlá. Ara mi kàn ń sọ fún mi pé nǹkan ò dáa, àmọ́ ìbotí kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo ṣí etí kan sílẹ̀, mo dijú bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ayùn ń súfèé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ariwo. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, gbogbo ẹ̀rọ dúró. Wọ́n tú u wò, ayùn ti sán! Ìbá fọ́ dànù láàárín wa. Fọ́máànù bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tó di ọ̀sán, fọ́máànù kan náà fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, pé mo ṣí etí nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá tún dán an wò, wọ́n á lé mi.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ǹ bá pè yín, àmọ́ ẹ rántí ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù. Mo ní ṣé ara yín le, ẹ ní ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi, Ọ̀gá Kékeré.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ẹni tó ya fọ́tò yẹn, torí ó gbìyànjú. Mo wá ọ títí nínú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ rán ọ lọ sínú òṣùpá ni.

Ìwé ìkìlọ̀! Ó yẹ kí wọ́n fún ọ ní mọ́tò. O gba gbogbo wọn lọ́wọ́ ikú, wọ́n wá fi ìwé lé ọ lọ́wọ́. Sọ fún fọ́máànù yẹn pé bàbá rẹ wà nídìí ayùn fún ogójì ọdún, kò wọ abọ́ kankan mọ́ etí, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Mo tún un kà kí n tó mú bírò. Etí ni káfíńtà fi ń ríran. Má jẹ́ kí wọ́n lé ọ, àmọ́ tí ara rẹ bá tún sọ fún ọ, gbọ́ tara rẹ.

Ọ̀gá Kékeré ń ṣe dáadáa. Òun ló ń lo ẹ̀rọ báyìí, èmi ń jókòó ti ìwé owó bí ọ̀gá báǹkì. Tó bá dijú, ó ń mọ igi ju ìwọ lọ, mi ò kàn fẹ́ kó o mọ̀ ni. Àwọn oníbàárà tó máa ń sọ pé "ṣé obìnrin yìí ló máa ṣe ìlẹ̀kùn mi?" ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà.

Nípa fóònù, èyí tí o rà fún mi ni kò dára. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Máa kọ lẹ́tà, lẹ́tà kì í já.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó tì mí ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti ka ibi òṣùpá yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ní ilé iṣẹ́ wa, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ etí wa wò. Wọ́n tì mí mọ́nú yàrá kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, wọ́n fi fóòmù bo gbogbo ògiri rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ohùn kan. Mo jókòó, mo ń retí. Mo retí títí. Mo kan gíláàsì, mo ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀rọ yín ti kú." Obìnrin náà wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ náà ti ń dún láti ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn.

Etí òsì ni, Bàbá. Dókítà bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti wà nínú ariwo. Mo ní oṣù márùn-ún. Ó ní oṣù márùn-ún kò lè ṣe irú èyí. Ni mo bá ronú lọ sí ìdí ayùn wa. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá yín ti pákó, ibì kan náà ni mo sì máa ń dúró sí, etí òsì lápá ẹ̀rọ. Ibẹ̀ lẹ̀yin náà dúró sí kí wọ́n tó bí mi. Dókítà ní kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń kọ́kọ́ lọ, ohùn ẹyẹ, ohùn ọmọdé, ohùn obìnrin. Èyí tó bá ti lọ kì í padà. Ó ní ká máa ṣọ́ èyí tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Fóònù yín kò bàjẹ́.

Mo fi ẹrù kan ránṣẹ́, ìbotí méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tiyín, ọ̀kan ti Ọ̀gá Kékeré. Mi ò fi ránṣẹ́ sí i tààrà torí pé ṣọ́ọ̀bù yín ni, mi ò fẹ́ gba ẹ̀yìn yín kọjá. Ẹ jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́. Kò ní pa iṣẹ́ yín run. Wọ́n kọ́ wa níbí pé kí a yẹ ayùn wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yí: a yọ ọ́, a fi ọ̀pá kọ́ ọ, a fi igi kékeré lù ú, a gbọ́ ọ. Tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á kú. Etí náà la ṣì ń lò, Bàbá. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ni wọ́n ní ká lò ó.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Ìwọ ọmọ yìí,

Lẹ́tà rẹ dé. Ẹrù rẹ náà dé.

Mo bí ọ, mo fi iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́, iṣẹ́ yẹn ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà tó sọ fún ọ pé bàbá rẹ ló bà ọ́ létí jẹ́. O ṣeun. Ta ló ní mi ò gbọ́ràn? Àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí ló ń kùn bí ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n lanu sọ̀rọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá mi ò ní gbọ́.

Àbúrò rẹ kò ní wọ nǹkan kan. Ó pẹ́ kí àwọn èèyàn tó gbà pé ó mọ iṣẹ́. Tí wọ́n bá rí i pẹ̀lú abọ́ létí, wọ́n á ní ẹ̀rọ ń bà á lẹ́rù. Má kọ nǹkan yìí sí mi mọ́.

Bàbá rẹ, tó ń gbọ́ràn dáadáa.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò sọ pé ẹ bà mí létí jẹ́. Ta ló mọ̀ nígbà yẹn? Ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ̀ bá ti fi ọwọ́ yín méjèèjì bo etí mi, ẹ̀ bá sì fi eyín ti pákó.

Lánàá, wọ́n gbé igi pupa kan wọlé, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìjókòó tí ẹ kàn fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ẹ rántí pé ẹ gùn ún wò fúnra yín, tí ẹ ń fò lórí rẹ̀, tí ẹ ní tó bá gbé bàbá, á gbé ọmọ? Mo dúró ti igi yẹn títí wọ́n fi pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Àárò yín ń sọ mí gan-an. Mo fẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí mi, kódà tó bá jẹ́ èébú ló máa wà nínú rẹ̀.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Oṣù mẹ́ta ti kọjá, ẹ ò fèsì. Mo ti ń wo àpótí lẹ́tà títí alábàágbé mi fi bi mí pé ṣé obìnrin kan ló já mi sílẹ̀. Mo ní bàbá mi ni.

Ọ̀gá Kékeré pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní tí òun bá ti pa ẹ̀rọ, nǹkan kan máa ń hó nínú etí òun bí omi tó wà lórí iná. Tẹ́lẹ̀, tí òun bá ti jẹun tán, á dákẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kì í dákẹ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni o. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wọ ìbotí. Ó ní, "Ìbotí wo?"

Bàbá, ibo lẹ gbé ẹrù yẹn sí?

Mo ra òmíràn, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i ní bòókẹ́lẹ́. Mo dé ilé ìfìwéránṣẹ́, mo tò sórí ìlà, mo padà. Kò ní wọ ohun tí ẹ bá ní kó má wọ̀, ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ tí ẹ bí. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ló lè gbé e dé orí rẹ̀. Èyí tó ti lọ létí tiyín àti tèmi, ó ti lọ. Tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́rin, mo ń ya á.

Ìbotí yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo gbé ọ̀kan wọ̀ nígbà kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Mo fẹ́ mọ bí ayé ṣe ń rí lábẹ́ rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mo dá a padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mi ò gbọ́ràn mọ́. Etí òsì ti kú pátápátá. Ọ̀tún ń gbọ́ tí èèyàn bá sún mọ́ mi dáadáa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Ẹnu àwọn èèyàn ni mo máa ń wò. Tí wọ́n bá mi orí, mo máa ń mi orí. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, mo rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin kan tó ń ròyìn bí ilé rẹ̀ ṣe jó. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù wa mọ́, mo sì sọ fún àbúrò rẹ pé onígbèsè ni.

Nígbà tí ìyá rẹ wà láyé, ó máa ń pè mí láti ẹnu ilẹ̀kùn, á pè títí. Ó gbà pé ìgbéraga ni. Ó máa ń ní, "Bàbá wọn, tó bá wù yín lẹ máa ń dáni lóhùn." Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ó sàn lójú mi kó pè mí ní agbéraga ju kó pè mí ní adití lọ.

Mo ní ohun kan láti sọ fún ọ. Ọ̀sán ni ìyá rẹ kú, o ti rìnrìn àjò nígbà yẹn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, mi ò lè kà á. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó yẹ kí n ní kó tún un sọ, àmọ́ ojú tì mí, àbúrò rẹ wà ní tòsí. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ìyá rẹ pa ojú dé, kò sì ṣí i mọ́. Ohun tí mo kọ sí ọ nígbà yẹn, pé ó ní kí ìwọ àti àbúrò rẹ má fi ara yín sílẹ̀, èmi ni mo rò ó. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń wo ètè rẹ̀ lọ́kàn mi, tí mò ń wá ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò tíì rí i.

Mi ò fẹ́ kí àbúrò rẹ mi orí sí ẹnikẹ́ni báyìí.

Láàárọ̀ yìí, mo pa ẹ̀rọ níwájú àwọn oníbàárà mẹ́ta. Mo sọ fún un pé mi ò gbọ́ràn, mo sọ ohun tó fà á. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé ìbotí náà sí i létí. Ó ń sọ pé àwọn èèyàn á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, mo rí i lẹ́nu rẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: ENI TI KO BO ETI KO GBODO DE IDI AYUN. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní kí n yá òun ní tèmi kí òun lè wọlé. Mo yá a.

Má jẹ́ kí wọ́n lé ọ níṣẹ́. Fọ́máànù yẹn jàre.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo tún kí yín. Mi ò lè jókòó nígbà tí mo ń ka lẹ́tà yín, ìdúró ni mo wà.

Ẹ dárí jì mí, mo ka ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ Màmá fún Ọ̀gá Kékeré lórí fóònù. Ó wá bú sẹ́kún. Bàbá, ó gbọ́ ọ. Lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló dúró sí, ó ń ká aṣọ. Ó rò pé ẹ̀yin náà gbọ́, pé ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ ńlá rọ́pò rẹ̀ láti tù mí nínú ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi já yín nírọ́.

Màmá ní, "Bàbá wọn, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹ mi orí. Ọ̀gá Kékeré ní Màmá ní "ó dáa," ó sì pa ojú dé. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí ẹ ti ń wá láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ó bi yín, ẹ sì dá a lóhùn.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ títí tó fi ń ya níbi tí a ti ká a.

Mi ò tíì jẹun lọ́jọ́ yẹn o. Láti àárọ̀, omi lásán. Irọ́ ni mo pa fún un, mi ò sì mọ̀ pé mo pa á. Ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá sọ òótọ́, torí mi ò lè purọ́ lójú ìyá rẹ, á sì ní kí wọ́n lọ wá nǹkan fún mi, òun tó ń kú lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mi ò mọ èyí tó ṣáájú.

Dókítà ti yẹ etí àbúrò rẹ wò. Ó ní kò tíì bàjẹ́, ká má kàn jẹ́ kó tún wọnú ariwo láìbo etí mọ́. Híhó yẹn ti ń lọ sílẹ̀.

Bí mo ṣe kọ ibí yìí tán, ó yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ nǹkan fún mi. Mo ti fẹ́ mi orí. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo ní, "Mi ò gbọ́, ọmọ mi. Sún mọ́ mi, tún un sọ." Ó wá, ó sọ ọ́ sí etí ọ̀tún mi. Òjò ló ṣú, ó ní ká kó pákó wọlé.

Mo gbọ́ ọ. Mò ń lọ bá a kó o.

Bàbá rẹ.